A mu gaàrí létí Chasm Lake

Ìbéèrè kan náà ni àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Aurora, nítòsí Denver ní Colorado, máa ń bi mí nígbàkígbà tí wọ́n bá rí fọ́tò òkè lórí WhatsApp mi: "Kí lẹ sọ nù síbẹ̀?" Màmá mi tiẹ̀ kọjá bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ta ló ń lé mi ká. Mi ò ní èsì gidi kan fún wọn, àfi pé ọmọ Ìdànrè ni mí. Nílé tí wọ́n bí mi sí, tí èèyàn bá ṣí fèrèsé, òkè ló máa kọ́kọ́ rí kó tó rí aládùúgbò. Nígbà tí mo wà ní girama, àtẹ̀gùn 667 tó gun Òkè Ìdànrè, eré la fi ń sá gùn ún.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ti ń sọ pé ẹ fẹ́ bá mi lọ, ẹ jẹ́ kí n tètè là á mọ́lẹ̀ fún yín: òkè Colorado kì í ṣe ẹgbẹ́ òkè ilé wa. Kì í ṣe gíga rẹ̀ ló ń dá èèyàn dúró, kì í sì ṣe bó ṣe dúró ṣánṣán. Afẹ́fẹ́ àti aago ni. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ò tó mí, aago ibẹ̀ ò sì dúró de ẹnì kan. Ẹni tó bá ti mọ bó ṣe máa bá àwọn méjèèjì lò, ẹsẹ̀ á gbé e débẹ̀.

Chasm Lake ni mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Inú Rocky Mountain National Park ló wà, ní ìdí Longs Peak, òkè tó ga jù lọ nínú páàkì náà, ẹsẹ̀ bàtà 14,259. Adágún náà wà ní nǹkan bí 11,760. Ibi tí èèyàn ti ń gbé ọkọ̀ sílẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn, nǹkan bí 9,400 ni. Tí mo bá ní kí n fi ti ilé wọ̀n ọ́n, òkè tó ga jù lọ ní gbogbo Nàìjíríà, Chappal Waddi ní ìpínlẹ̀ Taraba, kò pé 8,000. Ìyẹn ni pé kí ẹ tó ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ yín, ẹ ti ga ju ibi tó ga jù nílé lọ, ẹ ò sì tíì gbé ẹsẹ̀ kan. Láti ibẹ̀, máìlì 4.2 ni lílọ, 4.2 ni bíbọ̀. Ẹni tó bá ti fẹsẹ̀ rìn lọ sóko bàbá rẹ̀ rí á gbọ́ máìlì mẹ́jọ, á rẹ́rìn-ín. Kó rọra rín in.

Àbúrò ọkọ mi ló bá mi lọ. Akọ́wé ni mo máa ń pè é. Ó ti wà nílé ọkọ mi kí n tó débẹ̀, èmi kọ́ sì ni màá wá máa pe orúkọ rẹ̀, ì báà jẹ́ pé mo fi ọdún mẹ́sàn-án jù ú lọ. Òun náà ń pè mí ní Ìyàwó wa, ó sì máa ń pè é kíkankíkan nígbà tó bá ń wá oúnjẹ. Houston ló ń gbé, níbi tí ilẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá òkun dọ́gba. Ó ń gbá bọ́ọ̀lù ní gbogbo Sátidé, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ pé òkè ò lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú lónìí kó ní ká gun òkè lọ́la. Ó kọ́kọ́ lo ọjọ́ mélòó kan lọ́dọ̀ wa kí ara rẹ̀ lè mọ ibi tó wà, torí Denver fúnra rẹ̀ wà ní 5,280 ẹsẹ̀ bàtà, máìlì kan géérégé. Ẹ̀yin tí ẹ ti se ẹ̀wà níbí rí mọ ohun tí mò ń sọ. Omi á hó, á máa ru, ẹ̀wà á sì tún le gbagidi. Afẹ́fẹ́ tó fúyẹ́ kì í jẹ́ kí omi gbóná tó kó tó hó: nǹkan bí 95 ní ìwọ̀n Celsius ló ti ń hó níbí, dípò 100. Afẹ́fẹ́ kan náà tó ń da ẹ̀wà láàmú ló ń da èèyàn láàmú. Létí Chasm Lake, ọ́síjìn tó ń wọ inú yín nínú èémí kan jẹ́ nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta èyí tí ẹ máa rí mí ní Èkó. Ẹ lè lágbára bí ẹṣin, ìdá kẹta yẹn ò sí, kò sì sẹ́ni tó lè yá yín.

Aago kan ààbọ̀ òru la kúrò nílé. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe ní ilé ìwòsàn, nítorí náà aago kan ààbọ̀ òru, ọ̀sán gangan mi nìyẹn. Akọ́wé sùn látìgbà tí a ti jókòó sínú ọkọ̀. A gba Boulder, a gba Lyons, a wá yà sí ọ̀nà 7 tó ń wọ́ kọ́lọkọ̀lọ láàárín àpáta lọ sí Allenspark. Ṣáájú aago mẹ́rin la débẹ̀, ibi ìgbọ́kọ̀sí sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Àwọn tó ń lọ sórí ṣóńṣó Longs Peak ti gbéra tipẹ́. Kò sí géètì tí wọ́n ti ń gba owó ní ìhà ibẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ páàkì gbọ́dọ̀ wà nínú ọkọ̀ yín. Láwọn ọdún àìpẹ́ yìí, wọ́n tún ń béèrè ìwé tí èèyàn ti fi gba àyè sílẹ̀ ṣáájú, fún àwọn tó bá fẹ́ wọlé láàárín aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán nígbà ooru. Ẹni tó bá débẹ̀ nígbà tí àkùkọ ò tíì kọ, kò kàn án.

Kí ló dé tó fi ní láti jẹ́ òru? Àrá ni. Ní oṣù keje, ojú ọ̀run Colorado máa ń mọ́ kedere láàárọ̀. Oòrùn á máa mú òkè gbóná, ìkùukùu funfun kékeré á yọ ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, wọ́n á máa sanra, tó bá fi máa di aago kan tàbí méjì ọ̀sán, mànàmáná ti ń kọ. Ní ibi tí igi ò ti hù mọ́, kò sí ohun tó ga ju èèyàn tó ń rìn lọ. Nílé ìyá àgbà mi, tí àrá bá ti ń sán, wọ́n á ní ká sáré bo dígí. Kò sí dígí tí ẹ fẹ́ bò lórí Longs Peak. Ẹ̀yin gan-an ni dígí. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ pé tí aago bá ti lù méjìlá, kí igi ti wà lórí mi, ì báà jẹ́ pé mo dé adágún tàbí n kò dé e.

A tan tọ́ọ̀ṣì orí wa, a wọgbó. Inú igbó náà tutù, òórùn igi páìnì ń ta sánsán, a sì ń gbọ́ omi Alpine Brook tó ń ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa láìrí i. Akọ́wé ti fò lọ. Iná rẹ̀ ń lọ sókè láàárín igi, á dúró, á yí padà, á tàn mí lójú.

"Ìyàwó wa, ṣé kò sí o?"

"Akọ́wé, máa lọ. Èmi ò sáré bá ẹnikẹ́ni."

Bí mo ṣe ń rìn nìyí: ẹsẹ̀ kúkúrú, èémí gígùn. Mo máa ń bá ara mi sọ̀rọ̀ lábẹ́ ohùn. Tí mi ò bá lè ka Olúwa ni olùṣọ́ àgùntàn mi dé ìparí ẹsẹ kìíní láìdánu dúró mí, mo ti ń yára jù nìyẹn, mo sì gbọ́dọ̀ dẹ ẹsẹ̀. Mi kì í dúró lọ títí, mi kì í sì í yára. Kò dùn ún wò. Nígbà tí a kọjá ibi tí wọ́n ń pè ní Goblins Forest, iná Akọ́wé kò jìnnà sí mi mọ́. Nígbà tí igi ń kúrú, tí wọ́n di èyí tí afẹ́fẹ́ ti tẹ̀ síbì kan, tí gbogbo ẹ̀ka wọn kọjú sí apá kan ṣoṣo, ẹ̀yìn mi gan-an ni mo ti ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Kò bi mí bóyá kò sí mọ́.

Ilẹ̀ mọ́ bá wa lókè igi. Mi ò ní fi èyí gùn, ẹ ti rí fọ́tò rẹ̀. Ohun tí fọ́tò ò lè mú ni afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́, tó ń wọ inú ìbọ̀wọ́. Láti ibí lọ, ewéko kéékèèké tó lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ nìkan ló kù, òdòdó wọn ò ju orí ìṣáná lọ. Ẹsẹ̀ tó bá tẹ̀ wọ́n lè pa ohun tó gba ọ̀pọ̀ ọdún kó tó gbilẹ̀, ni àwọn rénjà, ìyẹn àwọn tó ń ṣọ́ páàkì, fi ń bẹ̀bẹ̀ pé ká máa tẹ òkúta. Àwọn kan ò sì ní gbọ́. Mo rí ojú ẹsẹ̀ wọn tó gé kọ́nà kọjá láàárín òdòdó, nítorí ìṣísẹ̀ bíi mẹ́wàá tí wọ́n fẹ́ jẹ èrè rẹ̀.

Ní Chasm Junction, ọ̀nà pín. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan wà níbẹ̀ (ẹ lò ó). Àwọn tó ń lọ sí ṣóńṣó yà sọ́tùn-ún, àwa yà sósì. Bí a ṣe yà báyìí ni gbogbo ojú òkè náà yọ sí wa lẹ́ẹ̀kan náà, oòrùn àárọ̀ sì ti kùn ún ní pupa rúsúrúsú. Akọ́wé, tí kò tíì sọ nǹkan kan láti bíi ogún ìṣẹ́jú, ní "Háà." Ó mú fóònù jáde, ó yà á, ó wò ó, ó ní kò jọ ọ́.

Ojú ọ̀nà wá ń tẹ̀ lé ẹ̀gbẹ́ òkè. Lápá òsì, nísàlẹ̀ réré, adágún kékeré kan wà tó ń jẹ́ Peacock Pool, àwọ̀ rẹ̀ àárín búlúù àti àwọ̀ ewé. Níwájú, omi Columbine Falls ń já bọ́ sórí òkúta. Lókè omi yìí gan-an ni ibi tó yẹ kí n dúró lé lórí wà: ilẹ̀ yìnyín kan tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láti ọ̀tún lọ sí òsì, tó dí ojú ọ̀nà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje, kì í tíì yọ́ tán. Láàárọ̀, ó le bí òkúta, torí òtútù òru ti dì í. Ọ̀sán ló ń rọ̀.

A jókòó, a fa irin eléyín wọ bàtà. Àwọn tó ti ṣáájú wa ti tẹ ihò ẹsẹ̀ sínú yìnyín náà, ihò kan, òmíràn, bẹ́ẹ̀ títí dé òdìkejì, fífẹ̀ ọ̀nà náà kò sì ju bàtà méjì lọ. Etí ihò kọ̀ọ̀kan ti dì, ó ń dán. Tí ẹ bá fi ẹsẹ̀ lé e, ẹ ó gbọ́ bí eyín irin náà ṣe ń wọ inú rẹ̀, gbì, kẹ́ẹ́, kẹ́ ẹ tó gbé èkejì. Mo di ọ̀pá mi mú lọ́wọ́ ọ̀tún, lápá òkè, mo wo ihò tó kàn, mi ò wo Peacock Pool. Bàbá òyìnbó kan tó ti ń bọ̀ dúró ní òdìkejì kó lè jẹ́ ká kọjá, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo kúnlẹ̀ kí i láìmọ̀. Ẹsẹ̀ ló fẹ́ sinmi, àbí ẹ̀kọ́ ilé ni, mi ò mọ̀. Akọ́wé tẹ̀ lé mi, ó ń ka iye ihò náà sókè.

Lẹ́yìn èyí, pápá kékeré kan tẹ́ sílẹ̀, omi ń ṣàn káàkiri inú rẹ̀, ilé kékeré àwọn rénjà sì wà níbẹ̀. Òdòdó columbine, búlúù àti funfun, tó jẹ́ òdòdó ìpínlẹ̀ Colorado, ti ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta. Ẹ má rò pé ẹ ti dé. Ògiri òkúta kan ṣì kù tí a ń fi ọwọ́ àti orúnkún gùn, ọ̀nà gidi ò sí níbẹ̀, òkúta tí wọ́n tò jọ léraléra ló ń tọ́ka ibi tí èèyàn máa gbà. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ní gíga yẹn, ìgbésẹ̀ márùn-ún, ìsinmi kan ni. Níbẹ̀ ni Akọ́wé ti sọ òtítọ́ jáde: "Ìyàwó wa, orí ti ń fọ́ mi díẹ̀."

Mo bi í bóyá èébì ń gbé e, bóyá ojú rẹ̀ ń ṣú, mo ní kó máa fi gìgísẹ̀ kan orí ìka ẹsẹ̀ kejì rìn lórí òkúta pẹrẹsẹ kan. Ó rìn ín gán-ún. Orí fífọ́ nìkan ni. Mo sọ fún un pé tó bá le sí i tàbí tí èébì bá dé, a ó padà níbi tí a bá wà, torí àìsàn òkè ò ní oògùn tó dáa ju kéèyàn sọ̀ kalẹ̀ lọ. A wá rọra gun èyí tó kù.

Adágún náà nìyẹn. Òkúta yí i ká, yìnyín tó ṣẹ́kù ń léfòó lápá ibi tí oòrùn ò tíì dé, omi rẹ̀ sì dúdú nítòsí ògiri náà, ó mọ́ gaara lẹ́bàá ẹsẹ̀ wa. Láti etí omi dé ṣóńṣó Longs Peak, ẹsẹ̀ bàtà 2,500 ni, gbogbo rẹ̀ sì dúró síwájú yín. Apá òkè rẹ̀ tó dúró ṣánṣán jù ni wọ́n ń pè ní Diamond. Àwọn aláṣẹ páàkì ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gùn ún títí di 1960, ọdún tí Dave Rearick àti Bob Kamps gùn ún. Mo fi han Akọ́wé pé èèyàn wà níbẹ̀ ní báyìí. Kò gbà á gbọ́, àfi ìgbà tó rí àmì pupa kékeré kan tó ṣí kúrò lójú kan, tí ohùn wọn sì sọ̀ kalẹ̀ wá bá wa, ketekete, bí ẹni pé wọ́n wà lẹ́yìn òkúta tó kàn.

"Àwọn wọ̀nyí ńkọ́," ó ní, "kí ni wọ́n sọ nù síbẹ̀?"

Ìhà ìlà oòrùn kan náà yìí ni Agnes Vaille, obìnrin ará Denver, gùn ní oṣù kìíní ọdún 1925, nínú òtútù tó ń pa nǹkan. Ó dé ṣóńṣó. Nígbà tó ń bọ̀ ló ṣubú, òtútù sì ti pa á kí ìrànlọ́wọ́ tó dé. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ilé òkúta kékeré tó wà ní ọ̀nà kejì, èyí tó lọ sí ṣóńṣó. Mo máa ń rántí rẹ̀ tí mo bá dé etí omi yìí. Ẹnu ọ̀nà àbọ̀ ni òkè ti ń mú èèyàn.

A jókòó sábẹ́ àpáta tó gba afẹ́fẹ́ dúró. Mo mú gaàrí Ìjẹ̀bú jáde, ẹ̀pà àti ṣúgà. Ọ̀rá ẹ̀pà tí mo ti dì pa nílé ti wú bámúbámú, ó kù díẹ̀ kó bẹ́, nítorí afẹ́fẹ́ Aurora tó wà nínú rẹ̀ nípọn ju ti ìta lọ. Mo fa omi adágún gba inú asẹ́ wa. Ẹ má wò ó pé ó mọ́, ẹ má mu ún láìsẹ́, kòkòrò tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru lè wà nínú rẹ̀. Omi náà tutù débi pé eyín ń ta mí. Gaàrí ò wú rárá. Ó kàn jókòó sísàlẹ̀ kọ́ọ̀bù, hóró hóró, ó ń ró kẹ́kẹ́ lẹ́nu wa. Akọ́wé ní irú gaàrí tó dáa jù tí òun mu rí nìyí. Marmot kan, ó sanra bí ọ̀yà, jáde wá láàárín òkúta, kò sì bìkítà fún gaàrí. Ibi tí ọwọ́ mi ti làágùn sí lára ọ̀pá mi ló ń fẹ́ jẹ, torí iyọ̀. Mo lé e. Ó sún ìwọ̀n ìṣísẹ̀ méjì, ó jókòó, ó ń dúró dè mí kí n gbàgbé.

Ohun kan wà tí mi ò lè fi sílẹ̀ nílé, iṣẹ́ ti sọ ọ́ di àṣà: ẹ̀rọ kékeré tí a ń fi ìka bọ̀ láti mọ iye ọ́síjìn tó wà nínú ẹ̀jẹ̀. A kọ́kọ́ pa ọwọ́ pọ̀ kó gbóná, torí ìka tútù máa ń jẹ́ kó parọ́. Tèmi 89. Ti Akọ́wé 84. Tí mo bá rí 84 lára aláìsàn lórí iṣẹ́, mi ò ní rìn lọ pe dókítà, màá sáré ni. Níbí, ẹni tó ní 84 ń fi ẹ̀pà sí gaàrí, ó ń bi mí bóyá ṣúgà ṣì kù. Mo wo ẹ̀rọ náà, mo wo ojú rẹ̀, mo sì wo ọ̀run. Ìkùukùu àkọ́kọ́ ti yọ lẹ́yìn ṣóńṣó, kò tíì ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.

"Akọ́wé, ó yá, dìde."

"Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ péré nìyí o. Ẹ jẹ́ ká gbádùn ẹ̀ díẹ̀."

"A ti gbádùn ẹ̀. Dìde."

Sísọ̀ kalẹ̀, orúnkún ló ń jìyà rẹ̀. Yìnyín ti ń rọ̀, ihò ẹsẹ̀ náà ti fẹ̀, ó dẹ̀ jù ti àárọ̀ lọ. Bí a ṣe ń wọ inú igbó padà ni Akọ́wé dákẹ́, ó gbá orí ara rẹ̀, ó ní orí fífọ́ náà ti lọ, òun ò mọ ìgbà tó lọ. Afẹ́fẹ́ tó padà sí i lára nìyẹn.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ní ọ̀nà yìí ni àwọn tí à ń pàdé lásìkò yẹn. Aago mọ́kànlá ti kọjá, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè lọ, sálúbàtà lẹ́sẹ̀ àwọn kan, ìgò omi kan lọ́wọ́ èèyàn mẹ́ta. Mo sọ fún ọmọbìnrin kan pé òjò ń bọ̀, pé yìnyín wà níwájú. Ó dúpẹ́, ó yìn mí fún fìlà mi, ó ń bá tirẹ̀ lọ. A ṣì ń bọ́ bàtà níbi ọkọ̀ nígbà tí àrá àkọ́kọ́ sán lókè, kò sì tíì tó aago kan.

Nígbà tí a délé, mo gbọ́ tí Akọ́wé ń ṣàlàyé fún ọkọ mi ní pálọ̀ pé òun ló ń dúró dè mí lójú ọ̀nà. Ó tún ti ń bèèrè Sky Pond, adágún mìíràn nínú páàkì kan náà.

Ẹ̀yin tó kù, tí ẹ bá ṣe tán, ìparí oṣù keje tàbí oṣù kẹjọ ni kí ẹ bá mi sọ, nígbà tí yìnyín orí Columbine Falls ti sábà máa ń yọ́. Ẹ mú omi lítà méjì lọ́wọ́, ó kéré tán, aṣọ òjò, súwẹ́tà, ìbọ̀wọ́ àti tọ́ọ̀ṣì orí tí bátìrì rẹ̀ pé. Gaàrí wà lọ́wọ́ mi. Iwájú ilé wa la ó ti gbéra, aago kan ààbọ̀ òru. Ẹni tó bá dé ní aago méjì lè máa wo fọ́tò lórí WhatsApp.